Ọjọ́ Tí Àgbà Sọ̀rọ̀ Kẹ́yìn Nínú Yàrá Ìròyìn Wa

Wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀: mi ò wá sọ fún yín pé iṣẹ́ ìròyìn dára ju iṣẹ́ dókítà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà kó máa lọ, orúnkún mi ń dúró dè é. Mo kàn fẹ́ sọ bí mo ṣe fi ayé mi wá ọ̀rọ̀ kiri láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ni, àti bí ọkàn mi ṣe wá balẹ̀ nígbẹ̀yìn, tí mo ń sùn dáadáa báyìí. Àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí ara mi kì í balẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní oko kòkó, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, òun ló fún mi ní ohùn. Inú ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì la ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ọ̀wọ̀ ń wá ọ̀dọ́ tí ohùn rẹ̀ já gaara. Mo wọ ọkọ̀ lọ, wọ́n fún mi ní ìwé kan pé kí n kà á, mo kà á, wọ́n gbà mí. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà míì ó ń tó jẹun, nígbà míì kì í tó, àwọn ọmọ mi sì kàwé.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ pé kó kọ́ mi níṣẹ́ ni Alàgbà Fáníyì. Ẹ̀yin ò tíì rí ọ̀gá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, kì í sì í pariwo. Tó bá ń bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ á túbọ̀ máa wálẹ̀, ìwọ tó ń bá wí á wá máa na ọrùn kó o lè gbọ́ èébú ara rẹ. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ohun tó máa ń sọ fún mi láràárọ̀ ni pé, "Rónkẹ́, lọ jókòó ní gáréèjì. Má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Tó o bá dé, wá sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún mi."

Mo máa ń rò ó pé ọkùnrin yìí kàn kórìíra mi ni. Èmi tí mo wá di oníròyìn, mo wá di ẹni tó ń jókòó sí gáréèjì bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo padà dé, mo ní, "Sà, ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń sọ."

"Ta ló ń sọ ọ́?"

"Àwọn awakọ̀, sà."

"Àwọn èrò ńkọ́?"

"Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jókòó sórí àpò iyọ̀. Kò sọ nǹkan kan, sà."

Ó wò mí títí. "Kí ló dé tí kò sọ nǹkan kan?"

Mi ò mọ̀. Ó ní kí n padà lọ. Oòrùn ń mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà, gbogbo ohun tí mo fi bú u nínú ọkàn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, obìnrin náà ṣì wà lórí àpò rẹ̀. Mo jókòó tì í, mi ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu. Ìmọ̀rù ló ń gbé iyọ̀ lọ tà. Òjò ti rọ̀ lóru àná, kò sí awakọ̀ tó fẹ́ gba ọ̀nà yẹn mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ fún un lójú. "Ọkọ̀ ń bọ̀, ìyá, ó ń bọ̀," ni wọ́n ń wí láti àárọ̀. Òun náà ò sì fẹ́ bi wọ́n mọ́, kí wọ́n má bàa ní ó ń yọ àwọn lẹ́nu.

Mo sáré padà lọ ròyìn fún ọ̀gá mi. Kò yìn mí o. Ó kàn ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì, ó ní, "Ẹni tó dákẹ́ ló ní ìròyìn. Máa wá a lọ." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà Fáníyì nìyẹn.

Ẹ̀rọ ọ̀hún wúwo débi pé èjìká mi kan rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ títí dòní, ẹ wò mí dáadáa tí ẹ bá pàdé mi. Abẹ la fi ń gé téèpù rẹ̀, a ó wá fi nǹkan alálẹ̀mọ́ so ó pọ̀. Tí Alàgbà bá gbọ́ èyí tó o ṣe tí kò bá wọ̀ ọ́ létí, á gé e jábọ́ sílẹ̀, á ní, "Ta ni èyí wúlò fún?" Ìwọ á wá kúnlẹ̀ máa ṣa iṣẹ́ rẹ nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kásẹ́ẹ̀tì dé, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpútà, lónìí fóònù tó wà nínú àpò yín ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo mọ àwọn àgbà tó ń dárò ẹ̀rọ àtijọ́. Èmi kọ́. Èjìká mi ń dúpẹ́.

Nínú gbogbo àyípadà yẹn, ohun kan wà tí kò yí padà rárá, ìyẹn ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí a ti ń pinnu ohun tí a máa gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. A kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, bí àgbà bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, kí ni ọmọdé tún fẹ́ fi kún un? Ẹni tó tẹ̀ lé àgbà á ní, "Bí Ọ̀gá ṣe wí ló rí, mo tì wọ́n lẹ́yìn." Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn náà á tì wọ́n lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi kan ẹni tó kéré jù, òun yóò sì kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ti sọ tán." A ó wá gbàdúrà, a ó túká. A sì máa ń rò pé a ti ṣèpàdé.

Nígbà tí Alàgbà Fáníyì fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá Adétulà ló bọ́ sípò rẹ̀. Kì í ṣe ẹni burúkú, ẹ má gbọ́ mi lódì. Kátólíìkì ni, oníwà tútù, kì í bú èèyàn, ó sì ń bi gbogbo wa léèrè àlàáfíà ilé wa. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó nira láti ta kò ó. Téèyàn bá jẹ́ òǹrorò, wàá lè bá a jà. Báwo lo ṣe fẹ́ bá ẹni tó ra bísíkíìtì fún ọmọ rẹ lánàá jà?

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ la ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá Adétulà ní kí a lọ ròyìn àbẹ̀wò alága ìjọba ìbílẹ̀ kan, gbogbo wa sì tì í lẹ́yìn. Ẹni tó kéré jù láàárín wa nígbà náà ni Kẹ́mi, ọmọ Ìdógùn, tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Òun náà ní wọ́n ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òun tán. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, afárá onígi kan ní ọ̀nà oko nítòsí Ìdógùn já mọ́ ọkọ̀ kan lẹ́sẹ̀. Àwọn obìnrin àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wú ló kún inú ọkọ̀ náà. Àbúrò mi Fúnmi, tó lọ́kọ sí Ìdógùn, wà nínú wọn.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé ọsibítù. Ohun tí mo rántí ni pé mo ti ń ro ẹni tí màá kọ́kọ́ sọ fún nínú àwọn mọ̀lẹ́bí wa, mo ti ń ro aṣọ tí wọ́n máa fi wé e. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń bú awakọ̀ nítorí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó bómi lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà, mo sunkún ayọ̀. Odò náà ò jìn. Ẹsẹ̀ Fúnmi kán, orí ẹnì kejì fọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú. Títí dòní tí mo bá rántí, mo máa ń mí kanlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Kẹ́mi ń sunkún lẹ́yìn ọ́fíìsì. Mo bá a lábẹ́ igi fúrútù, mo bi í pé ta ló lù ú.

Ó ní, "Mà, mo mọ̀ nípa afárá yẹn. Ọ̀nà oko bàbá mi ni. Mo ti rí i pé igi rẹ̀ ti jẹrà. Òun ni mo fẹ́ sọ ní ìpàdé ọjọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ nǹkan kan?"

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ohùn Alàgbà Fáníyì nínú rẹ̀. Kẹ́mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ní, "Mà, Ọ̀gá ti sọ tiwọn. Gbogbo yín ti gbà. Ṣé èmi ni màá wá la ẹnu pé kí á fi alága sílẹ̀ nítorí igi?"

Ọ̀gá mi kọ́ mi bí mo ṣe máa wá ẹni tó dákẹ́ lọ sí gáréèjì, lọ sí ọjà, lọ sí oko. Kò sí ẹni tó kọ́ mi pé ẹni tó dákẹ́ lè jókòó tì mí nínú yàrá ìròyìn.

Ibi tí ìyẹn ti ń dùn wá ni òmíràn tún dé. Ọ̀gá àgbà wa wá láti Àkúrẹ́, ó ní ètò òwúrọ̀ wa, Ojúmọ́ Re, kò ní olùgbọ́ mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ alága àti ọ̀rọ̀ kọmíṣọ́nnà là ń sọ tọ̀sán tòru. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fi dé tí a ò sì yí i padà, wọ́n á pa á tì, wọ́n á máa gbé ètò Àkúrẹ́ sáfẹ́fẹ́ fún àwa náà. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí? Kẹ́mi àtàwọn ọ̀dọ́ yòókù tí wọn kò tíì di òṣìṣẹ́ gidi, ilé nìyẹn. Ẹni tó wà ní Ìmọ̀rù á máa jí gbọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Àkúrẹ́. Èmi alára, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi ti ń sún mọ́lé. Kí n fi gbogbo ayé mi ṣe iṣẹ́ kan, kí n wá fẹ̀yìn tì lórí òkú rẹ̀, ó dùn mí wọra.

Ni máníjà wa bá mú ọmọbìnrin kan wá. Bọ́lájí lorúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Àkókó, tíṣà ni àwọn méjèèjì, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ní òun fẹ́ kọ́ wa ní ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe ohun èlò ń lò, pé káfíńtà gidi kì í kan àga kó tó mọ bí ẹni tó fẹ́ jókòó lórí rẹ̀ ṣe ń jókòó. Ó ní àwa náà, kí á kọ́kọ́ lọ bá àwọn èèyàn, kí á gbọ́ wọn láìgbé ìbéèrè dání. Ohun tó bá ń dùn wọ́n, kí á sọ ọ́ di ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Báwo la ṣe lè." Lẹ́yìn náà kí gbogbo wa kọ èrò tó bá wá sí wa lọ́kàn, àtèyí tó gbọ́n àtèyí tó gọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Kí á mú ọ̀kan, kí á yára ṣe é wúruwùru, kí á gbé e fún àwọn èèyàn kí wọ́n bá wa bà á jẹ́, kí á lè rí ibi tó kù sí, ká tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó wá kó bébà pélébé-pélébé aláwọ̀ mèremère jáde, tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìròyìn là ń wá. A ò ní kí ẹ wá bá wa kun ògiri."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká kùn ún wò ná, mà."

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pín bébà àti bíró, ó ní kí oníkálukú kọ èrò rẹ̀. Gbogbo wa mú bíró, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Ọwọ́ Ọ̀gá Adétulà là ń wò. Ọ̀gá kọ tirẹ̀, ó dìde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ìgbà náà ni bíró gbogbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí Bọ́lájí ka èyí tó wà lára ògiri sókè, Ọ̀gá kọ "Ọjà kòkó." Ẹni tó tẹ̀ lé e kọ "Kòkó àti ọjà rẹ̀." Òmíràn kọ "Ọ̀rọ̀ kòkó." Ọ̀kan tiẹ̀ kọ "Mo ti Ọ̀gá lẹ́yìn," ó sì kọ orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ nínú ìjọ sísàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Bọ́lájí ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ògiri, ó ń wò wá.

Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Adétulà. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ láìfi orúkọ sí i. Kí a kà á láìmọ ẹni tó ni ín. Kí ẹ̀yin wá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn gbogbo wa."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ilẹ̀ wa lè má mọ ohun tó tọrọ yẹn. Ó dà bí kéèyàn gbé obì kọjá níwájú àgbà kó lọ kọ́kọ́ fún ọmọdé. Ọ̀gá Adétulà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé mi ò wúlò mọ́?"

Mo mọ̀ pé tí a bá fi bẹ́ẹ̀ túká, ó parí nìyẹn, Àkúrẹ́ ló máa gba rédíò yẹn lọ́wọ́ wa. Mo ní, "Sà, ẹ má bínú. Ẹnì kan nínú yàrá yìí mọ̀ pé afárá Ìdógùn fẹ́ já. Kò lè sọ ọ́, torí a ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀."

"Ta ni?"

"Ẹ má bi mí, sà. Ẹ ṣáà gbà pé ó wà níbí."

Kẹ́mi ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá Adétulà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Rónkẹ́, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń san, sà. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn."

Ó mi orí. Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó yí i sí ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wo ojú rẹ̀ kọ̀wé. Ó ní, "Ẹ máa kọ. Èmi ni màá kẹ́yìn." Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn títí wọ inú egungun lọ́jọ́ náà.

Wọ́n kọ o. Ògiri kún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò wúlò, ẹnì kan tiẹ̀ kọ pé kí á máa ròyìn ẹja tí wọ́n bá pa. Ṣùgbọ́n a rí èyí tó ní ìyá òun ń gbọ́ rédíò wa àmọ́ èdè wa kò yé e. A rí èyí tó bèèrè ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tó kúrò lóko ń lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló sì pọ̀ jù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A ti ń pa òwe yìí fún ara wa tipẹ́ láìjẹ́ kí ọmọdé la ẹnu.

Nígbà tí Bọ́lájí ní kí á lọ jókòó ti àwọn ará Ìmọ̀rù láìbi wọ́n ní nǹkan kan, ẹ̀rín pa mí. Ohun tí Alàgbà Fáníyì fi na etí mi nígbà èwe ni. A lọ. Àwa ti rò ó pé iye tí wọ́n ń ta kòkó ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́. A jókòó ti àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́, èmi náà mú ọ̀bẹ, mo ń bó. Nígbà tó pẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ètò yín ò burú. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ alága, ohun tí àwa ń rò ni bóyá ọkọ̀ á rí ọ̀nà gbà lónìí." Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Mo rántí obìnrin oníyọ̀. Láti ìgbà èwe mi títí di ìgbà tí irun mi fi funfun, ohun kan náà ló ń dùn wọ́n.

A wá kọ ìbéèrè wa: Báwo la ṣe lè jẹ́ kí ẹni tó wà ní Ìmọ̀rù mọ bí ọ̀nà ṣe rí kó tó gbé ẹrù rẹ̀ rù? Ìdáhùn tó jáde lára ògiri ni pé kí àwọn ọlọ́kadà tó ń gba àwọn ọ̀nà yẹn máa pè wá láàárọ̀, kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́. Kẹ́mi ṣe ọ̀kan wúruwùru sórí fóònù rẹ̀, a gbé e lọ fún àwọn ọlọ́kadà ní oríta Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ṣé bíṣọ́ọ̀bù ló kú ni?" Òmíràn ní kí Kẹ́mi fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ ọ́ bí ọmọ èèyàn, kó sì dín in kù, nítorí kò sí ẹni tó máa dúró gbọ́ ìwàásù lórí máṣíìnì. Mo ti rò pé Alàgbà Fáníyì ló mọ iṣẹ́ gé jù láyé. Àwọn wọ̀nyí jù ú lọ. Kẹ́mi tún un ṣe, wọ́n tún bà á jẹ́, ó tún un ṣe, títí wọ́n fi ní, "Ẹ̀n-ẹn, èyí yé wa." Bí Ojú Ọ̀nà, apá tuntun nínú Ojúmọ́ Re, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan lẹ́yìn ìyẹn, bébà kan wà lára ògiri tí wọ́n kọ "Afárá ẹ̀yìn Ìmọ̀rù ń mì" sí. Kò sí orúkọ. Wọ́n kà á sókè. Ọ̀gá Adétulà tó kọjú sí fèrèsé kò yíjú padà, ó kàn ní, "Tí ẹ bá ṣì jókòó síbẹ̀, kí lẹ ń dúró dè?" Èmi àti Kẹ́mi gun ọ̀kadà lọ. Òótọ́ ni, ó ń mì. Ọlọ́kadà tó gbé wa ló sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ láti etí odò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti fi igi dí ọ̀nà níhà méjèèjì.

Òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, afárá náà sì lọ. Kò sẹ́ni tó bá a lọ. Mo ti ròyìn ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé afárá já tí ìyá ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ọ̀gá Adétulà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Rónkẹ́, ta ló kọ bébà yẹn?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀, ó padà wọlé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọ̀gá àgbà Àkúrẹ́ wá gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ó pẹ́ kó tó dé, inú sì ń bí i. Ó ní Ìdógùn ni òun sùn mọ́jú lọ́dọ̀ àna òun, pé awakọ̀ òun kọ̀ láti gbéra láàárọ̀, àfi ìgbà tó gbọ́ Ojú Ọ̀nà tán. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè omi tútù. Ètò wa kò kú. Kẹ́mi àtàwọn ọ̀dọ́ yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé mo gbàgbé báàgì mi sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tí Ọ̀gá Adétulà fẹ̀yìn tì, àga yẹn kàn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ló nira, ẹ gbìyànjú dídákẹ́ wò. Èmi Rónkẹ́, tí ẹnu mi kì í gbófo, kí n kọjú sí fèrèsé kí àwọn ọmọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi! Nígbà míì ètè mi á máa gbọ̀n. Mo wá dá ọgbọ́n kan: màá kọ tèmi sí bébà láti ilé, màá ká a sínú báàgì, kí ọ̀rọ̀ yẹn má bàa gbé mi pa. Tó bá kàn mí, màá yọ ọ́, èmi náà á sì rí nǹkan fi kún un. Ó máa ń kù díẹ̀ tí wọn kò ronú kàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá yan iṣẹ́ yìí, ẹ máa bá ẹ̀rọ tí èmi kò mọ̀ pàdé, ẹ ó sì kọ́ ọ. Ẹ̀rọ kì í ṣòro. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni ìbéèrè Alàgbà Fáníyì. Níbikíbi tí ẹ bá jókòó, ẹ wo ẹni tó dákẹ́. Kì í ṣe gáréèjì nìkan ló máa ń wà.

Ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn kí n tó kúrò, mo kọ bébà mi bí ìṣe mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ kànga tó gbẹ ní Ìdógùn. Mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tí àwọn ọmọ wọn kì í pè. Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ tó ń rà sílẹ̀. Mo yí àga mi sí fèrèsé. Kẹ́mi ló ń ka ti ara ògiri sókè. Ó ka ti kànga. Ó ka ti ẹ̀gẹ́. Ẹnì kan ti kọ ti àwọn ìyá àgbà, ó tiẹ̀ kọ ọ́ dáadáa ju tèmi lọ. Wọ́n sì tún kọ àwọn nǹkan mìíràn tí kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Kẹ́mi ní, "Màmá, ó kù yín."

Mo yí àga padà. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń retí. Mo wo bébà ọwọ́ mi, mo ká a padà.

Mo ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ mi lẹ ti sọ tán."

Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú yàrá náà. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé.